Kí Ọmọ Tó Di Dókítà, Ẹ Jẹ́ Kó Kọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ

Nígbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń gba ìgboro Ìdànrè kan, láti Òdòdè dé Aládé títí dé Atósìn: "Èló ni ọmọ yín gbà?" Bí ọmọ náà bá gba 300 nínú 400, ìyá rẹ̀ yóò ti máa pè é ní dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá gba 200, ẹnu ẹbí yóò wọlẹ̀, bàbá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí iṣẹ́ mìíràn tí ọmọ lè kọ́. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ọmọ náà lè jókòó ti aláìsàn, kí ó fetí sí ohun tó ń dùn ún, kí ó sì fi ohùn tútù ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ìdajì iṣẹ́ dókítà.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í gba ọmọ wọlé láìjẹ́ pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ní Nàìjíríà pàápàá, àwọn fásitì aládàáni kan máa ń pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí wọ́n tó fún un láyè. Ọmọ Ìdànrè tó bá fẹ́ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé ibẹ̀ láì múra sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. Ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti fásitì ló pín in láàárín ara wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì nínú WAEC tàbí NECO. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ UTME ti JAMB. Láti ọdún 2005, nígbà tí Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni àwọn fásitì ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB, nítorí wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń mú máàkì gíga wá ni ìwà àti ìmọ̀ wọn kò bá máàkì náà dọ́gba bí wọ́n bá wọlé tán. Ìjọba fòfin de àyẹ̀wò yìí ní 2016, wọ́n sì dá a padà ní 2017. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ fásitì, àyẹ̀wò náà ti di ìdánwò mìíràn tí ọmọ yóò ti máa mú A tàbí B tàbí D. Ọmọ lè gba ọ̀nà yìí kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì la ẹnu sọ gbólóhùn kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 2025 sì fi hàn pé ẹ̀rọ nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà ti ṣàkóbá fún akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò kọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ilé: òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò yẹ kó jẹ́ ohun tí yóò sọ ẹni tí wọn yóò fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́.

Báwo ni àwọn ibòmíràn ṣe ń ṣe é? Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn ní Britain gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UCAS kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ọdún tó ṣáájú ọdún tí yóò wọlé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè ìdánwò UCAT, ẹni tó bá sì kógo já ni wọ́n ń pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní Amẹ́ríkà, oyè àkọ́kọ́ ni ènìyàn sábà máa ń gbà ná, kó tó kọ ìdánwò MCAT, kí wọ́n tó pè é wá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù lónìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní MMI. Kevin Eva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì McMaster, ní ìlú Hamilton ní Kánádà, ló kọ ọ́ jáde ní ọdún 2004. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé bí ọmọ bá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, ojú tí wọ́n fi rí i ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi wò ó dé òpin. Wọ́n wá ní kí ọmọ máa lọ láti ibùdó dé ibùdó, bíi mẹ́wàá. Lẹ́nu ọ̀nà ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi kà á, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni yóò fi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Aago yóò dún, yóò lọ sí ibùdó kejì, níbi tí ẹlòmíràn tí kò mọ bó ṣe ṣe sí ní àkọ́kọ́ ti ń dúró dè é. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò mọ ohun tí èyí jọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí èémí rẹ̀ ká níbì kan lè mí, kó sì tún gbéra.

Kí ló wá máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó bá kúrò ní Ìdànrè dé iwájú irú àwọn olùbéèrè bẹ́ẹ̀? Ó mọ kẹ́mísìrì. Ó lè ka orúkọ egungun ọwọ́ láti èjìká dé ìka. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń jágbe mọ́ ọn pé, "Àgbà ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀?" Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó má ṣe wo àgbà lójú. Nínú kíláàsì, olùkọ́ ń sọ, ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ tó bá béèrè pé "Kí ló fà á?" ni wọ́n ń pè ní aláfojúdi. Ó wá di ọmọ ọdún 17, àjèjì kan sì ní kó sọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí àgbà méjì kò lè fẹnu kò lé lórí. Ilẹ̀ ni yóò máa wò. Gbólóhùn kan ni yóò fi dáhùn. Olùbéèrè yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní èrò. Bẹ́ẹ̀ ó ní in. Ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò tíì sí.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà Yorùbá ló fà á. Àbùkù ni wọ́n ń kan àṣà. Yorùbá tó ní kí ọmọdé má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà náà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nídìí àlọ́ àpamọ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú kíákíá níwájú àwùjọ. Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ sí ilé àna gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí, ohun tí yóò sọ, àti èyí tí yóò gbé mì. Àwọn àgbà sì ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Kí ni dókítà ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ sọ fún ẹbí pé àrùn náà ti wọra? Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán an, tọmọ ló gbọ́dọ̀ fi jẹ́. Àṣà ti ní ẹ̀kọ́ náà nílẹ̀. Ìpayà àti ìjágbe ni ilé àti ilé ẹ̀kọ́ mú níbẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ìṣòro kejì ni Gẹ̀ẹ́sì àkọ́sórí. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àfikún kan ń ta ìdáhùn fún ọmọ bí ẹni ta agbádá tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Bí olùbéèrè bá bi ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, "Kí ló dé tí o fi fẹ́ di dókítà?" yóò ní, "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́." Olùbéèrè ti gbọ́ gbólóhùn yìí láti àárọ̀. Yóò tún bi í pé, "Nọ́ọ̀sì náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Olùkọ́ náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Kí ló dé tí o kò fi ṣe ìyẹn?" Agbádá náà yóò ya níbẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè kò nílò láti ra ìdáhùn. Ìlú náà wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Nígbà òjò, àwọn àgbẹ̀ ń fín oògùn sí kòkó kí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú má bàa jẹ ẹ́ tán. Púpọ̀ nínú wọn kì í bo imú, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń po oògùn náà. Ọmọ tó ti bá bàbá rẹ̀ ru omi lọ sí oko, tó rí i bí ojú bàbá náà ṣe pọ́n tí orí sì ń fọ́ ọ lálẹ́, tó sì lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ohun tó fà á, ti ní ìdáhùn tí ọmọ London kò ní. Kí ó sọ ohun tó rí, ohun tí kò yé e, ohun tó ṣe láti mọ̀ ọ́n, àti ìdí tó fi rò pé dókítà ni ipò tí òun ti lè ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó bá pa irọ́ oko mọ́ olùbéèrè, ìbéèrè kejì ni yóò tú u fó.

Irú ìbéèrè kejì ni èyí tí kò ní ìdáhùn kan pàtó. Bí àpẹẹrẹ: ìyá àgbà kan ní àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà, dókítà ní kí wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ náà, ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n gé e bó fẹ́ bó kọ̀. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ọmọ tó bá dáhùn wàrà pé kí wọ́n gé e ti kùnà. Èyí tó ní kí wọ́n fi ìyá sílẹ̀ kó máa lọ kò sàn jù ú lọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ó ṣe ń ronú. Ǹjẹ́ ó yé ìyá pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu? Kí ló ń bẹ̀rù? Ṣé owó ni, ṣé ó ń rò pé wọn yóò sin òun láìpé ara, àbí ẹnìkan ti sọ fún un pé àgbo yóò wò ó? Ta ló ní ẹsẹ̀? Ọdún 1979 ni Tom Beauchamp àti James Childress gbé òpó mẹ́rin ìwà ìṣègùn kalẹ̀ nínú ìwé wọn: kí aláìsàn ní àṣẹ lórí ara rẹ̀, kí dókítà ṣe é lóore, kí ó má ṣe é léṣe, kí ìdájọ́ sì tọ́ fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe pé kí ọmọ ka òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde bí ẹni ka oríkì. Kí ó fi wọ́n wo ìyá àgbà yẹn ni.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ìlera àwùjọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti mọ àrùn náà, orúkọ ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Eku ló ń gbé e kiri. Wọ́n lè ní kí ọmọ fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ bá obìnrin tó ń sá ẹ̀lùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ kò mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe yìí léwu ni?" ti pàdánù obìnrin náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, tó béèrè ìdí tí kò fi rí ibòmíràn sá a sí, tó sì bá a wá ọ̀nà tí eku kò fi ní dé ibẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ dókítà kó tó wọ fásitì.

Wọ́n tún máa ń béèrè ìgbà tí ọmọ kùnà rí. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ láti sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn kọ JAMB. Kò yẹ kí ó tì wọ́n. Ẹni tó ṣubú, tó mọ ohun tó gbé òun ṣubú, tó sì yí ọ̀nà padà, ni iṣẹ́ ìṣègùn ń wá. Dókítà tí kì í gbà pé òun ṣe àṣìṣe ni ó yẹ kí wọ́n máa sá fún.

Ìmúrasílẹ̀ fún gbogbo èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. SS1 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó wà ní Ìdànrè lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìjíròrò, kí ọmọ kan gba ìhà kan lónìí, kí ó gba ìhà kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ojú méjì. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kò gbọdọ̀ dúró lórí kíkun ilé ẹ̀kọ́ lọ́dà nìkan. Nọ́ọ̀sì, apòògùn, amòfin àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wọn. Kí àwọn wọ̀nyí jókòó sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ọmọ máa lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, kí aago máa dún. Kò ná ẹnikẹ́ni ju àga àti omi mímu lọ.

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbọ́ ibi tí ó ti ń sáré àti ibi tí ó ti ń ká ọ̀rọ̀ jẹ. Kí ó gba àyè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí láti wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí ó wo nọ́ọ̀sì, akọ̀wé tó ń wá fáìlì àti ẹni tó ń fọ ilẹ̀, kì í ṣe dókítà nìkan. Ohun tó bá rí lára aláìsàn níbẹ̀, kí ó fi mọ sínú, nítorí àṣírí pípamọ́ wà lára ohun tí wọn yóò bi í. Kí ó mọ ohun tó ń tọrọ: ọdún mẹ́fà ní fásitì, ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, lẹ́yìn náà ọdún àgùnbánirọ̀. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè ti ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dá lójú nílé kí ó ti wá ibi tó fọkàn tán ní Àkúrẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Aṣọ tó mọ́ ti tó. Kí ó kí ènìyàn, kí ó gbójú sókè, kí ó sì sọ pé "N kò mọ̀ ọ́n" bí kò bá mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́rùn àwọn fásitì ilé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò ní: fásitì ìmọ̀ ìṣègùn tirẹ̀, UNIMED, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Oǹdó ní ọdún 2015. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí irú ètò oníbùdó púpọ̀ yìí ti gbilẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìpín díẹ̀ lára máàkì, kí ìdánwò sì máa jẹ́ èyí tó kù.

Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò pariwo pé ojúsàájú yóò wọ̀ ọ́. Wọn kò jayò pa. Ní ilẹ̀ tí ìwé olóṣèlú ti ń ṣílẹ̀kùn, tí ọmọ ẹni kò sì ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó jókòó sí yàrá kan yóò di ọjà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Ó ṣòro láti fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra ènìyàn mẹ́wàá tí kò mọ ibùdó tí wọn yóò jókòó sí, tí wọn kò mọ orúkọ ọmọ tàbí máàkì rẹ̀, tí kálukú sì ń kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ láì bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀.

Ẹ̀hónú kejì lágbára ju ìyẹn lọ: ọmọ olówó tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ yóò máa fi ọ̀rọ̀ dídùn gbéwájú ọmọ àgbẹ̀. Òótọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nílé. Kí wọ́n ya ibùdó méjì nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún Yorùbá. Ìyá tó gbé ọmọ oníbà wá sí ilé ìwòsàn ní Ìdànrè kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìgbà tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, dókítà tí kò bá sì gbọ́ ọ yóò kọ oògùn tí kò yẹ. Ní ibùdó yẹn, ọmọ àgbẹ̀ yóò dúró ṣinṣin, ọmọ olówó tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ yóò sì mọ ohun tó yẹ kó lọ kọ́. Ẹni tó wá láti ilẹ̀ ibòmíràn lè fi èdè tirẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò ní dá àwọn dókítà tó ń lọ sí òkèèrè dúró. Ní 2025, mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà bíi 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Owó oṣù àti ipò ilé ìwòsàn ló ń lé púpọ̀ nínú wọn lọ, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó kù bá ti kéré tó yìí, kò yẹ kí wọ́n tún jẹ́ àwọn tí kò lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí èsì JAMB tó ń bọ̀ bá jáde, kí àwọn òbí Ìdànrè béèrè máàkì o, kò burú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún ọmọ ní àga, kí wọ́n ní, "Sọ fún wa, kí lo rò nípa ọ̀rọ̀ yìí?" Kí wọ́n sì panu mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.